Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: Àjẹṣẹ́kù Tí Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Lọ Fojú Rí

Owó àfipamọ́, ẹ̀yáwó àti iye tí irè oko ń lọ ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ewé yìí. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò lóko díẹ̀. Ibì kan wà tí kò jìnnà sí wa, tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìlú òyìnbó àti láti Bràsíl wá wò, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń ná ọjà Òṣogbo kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni Igbó Ọ̀ṣun.

Kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú igbó òrìṣà? Orúkọ wa gan-an ni ìdáhùn. Alájẹṣẹ́kù ni ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ gbogbo iṣu inú abà láìṣẹ́ èbù kù, kí ni yóò gbìn bí òjò bá dé? Àwọn ará Òṣogbo jẹ nínú ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, rélùwéè dé bá wọn lọ́dún 1907, ìlú sì fẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí igbó náà po. Síbẹ̀ wọ́n ṣẹ́ hẹ́kítà 75 kù, èyí tí í ṣe nǹkan bí éékà 185. Ẹ fi ojú àwa tí a mọ iye ilẹ̀ wò ó: bí wọ́n bá gé e sí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí wọ́n sì yọ ojú ọ̀nà kúrò, yóò tó ẹgbẹ̀rún pulọ́ọ̀tì. Ilẹ̀ àárín ìlú ni o! Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ohun kékeré ni wọ́n fi pamọ́.

Bí wọ́n ṣe fi í pamọ́, bí ó ṣe kù díẹ̀ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti ewu tuntun tí ó dé bá a, tí ó sì lè kan àwa náà nílé wa, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ.

ỌNÀ IBẸ̀

Ẹni tí ó bá gbéra láti Ìjàyè yóò wọ ọkọ̀ dé Mọ́níyà, yóò ti Mọ́níyà dé Ìwó Road n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni yóò ti rí ọkọ̀ Òṣogbo. Ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀kan gba Ìwó, ìkejì gba Gbọ̀ngán. Ẹni tí kò bá kánjú, ti Gbọ̀ngán ni kí ó gbà, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ẹgbẹ́dá, tí ó sáré díẹ̀ sí i, ẹ ó dé Aṣẹ́jírẹ́. Omi tí ọkọ̀ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá níbẹ̀, odò Ọ̀ṣun ni. Wọ́n sé e níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sọ pé òun kò mọ Ọ̀ṣun rí ti ń fi omi rẹ̀ se ẹ̀bà láti kékeré. Òṣogbo wà lókè odò, àwa wà nísàlẹ̀ odò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún kàn án níwájú.

Lẹ́yìn Aṣẹ́jírẹ́ ni Ìkirè, níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé dòdò Ìkirè sáré tọ ọkọ̀. Ẹ má nà án jù fún wọn o. Ẹ rántí pé ọlọ́jà ni ẹ̀yin náà. Láti Ìkirè ẹ ó dé Gbọ̀ngán, ẹ ó yà sí ọ̀nà Òṣogbo, ó sì di ìlú aró.

BÍ ÌLÚ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìtàn tí àwọn àgbà Òṣogbo ń sọ ni pé ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, Lárọ́òyè àti Olútìmẹ́hìn, ọdẹ erin, kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n rí odò ńlá kan nínú igbó, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò. Wọ́n gbọ́ ohùn kan láti inú omi tí ó ń ké pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn àgbà ní láti inú ọ̀rọ̀ "oṣó igbó" yìí ni orúkọ Òṣogbo ti jáde. Ẹ ò rí i pé aláró ni Ọ̀ṣun nínú ìtàn yìí, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní ìkòkò tirẹ̀, tí wọ́n sì ba ọjà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́!

Wọ́n bẹ ẹ́, òun náà sì gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ṣí kúrò létí omi lọ sí orí ilẹ̀ gíga, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún òun. Àdéhùn tí wọ́n jọ dá nìyẹn: òun yóò dáàbò bo ìlú, ìlú yóò dáàbò bo igbó. Ìtàn sọ pé nígbà tí ọba ń rúbọ, ẹja ńlá kan jáde wá láti inú odò, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Èyí ni wọ́n fi ń pe ọba Òṣogbo ní Atáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Nínú igbó yìí ni ààfin àkọ́kọ́ àti ọjà àkọ́kọ́ ti wà kí wọ́n tó gòkè. Nítorí náà, ọlọ́jà tí ó bá wọ ibẹ̀, ilé baba ọjà ni ó wọ̀.

Àdéhùn yìí dé ojú ìdánwò. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Odérìnlọ́ sì kó ogun lọ, wọ́n lé àwọn ará Ìlọrin padà. Bí àwọn òpìtàn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ní tiwọn fi kún un pé Ọ̀ṣun gbé ìrísí ìyá olóúnjẹ wọ̀, ó gbé ẹ̀fọ́ tí ó ti fi májèlé sí lọ tà fún àwọn ọmọ ogun náà, inú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu wọ́n títí apá wọn kò fi ká ogun mọ́. Ẹni tí kò bá gba apá kejì gbọ́, kò burú. Apá méjèèjì ni ẹ ó gbọ́ bí ẹ bá débẹ̀.

Àwa tí a wà ní Ìjàyè mọ ohun tí ó jẹ́ kí ìlú di ahoro. Nígbà tí ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìjàyè Kúrunmí ní oṣù kẹta ọdún 1862, iná jó ìlú, àwọn ènìyàn fọ́n ká, ọ̀pọ̀ dé Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó padà wá tún ilé kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí iná jó kò padà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọ Ìjàyè mọ iyì ibi tí ohun àtijọ́ ṣì dúró sí.

OHUN TÍ Ẹ Ó RÍ

Bí ẹ bá ti san owó ìwọlé, tí wọ́n fún yín ní afinimọ̀nà, ẹ ó gba ojú ọ̀nà tí ó da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, tí wọ́n ya ènìyàn àti ẹranko sí lára, ni yóò kọ́kọ́ gbà yín lójú. Lẹ́yìn náà ni igi ńláńlá yóò bo ojú ọ̀run. Ariwo mọ́tò yóò rọlẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ẹyẹ. Ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀ tí kò bẹ̀rù ènìyàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ nínú igbó náà. Wọn kò gbọdọ̀ pẹja, wọn kò sì gbọdọ̀ gé igi. Àwọn onímọ̀ ti ka irú ewéko tí ó ju 400 lọ níbẹ̀, ó sì ju 200 tí ó jẹ́ egbòogi nínú wọn. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nba igbó kìjikìji tí ó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà ni. Ìyá elégbòogi tí ó bá bá wa lọ, ẹ má jẹ́ kí ó já ewé o, kí ó kàn wò ó!

Ojúbọ tí ó wà níbẹ̀ tó ogójì. Ẹ ó rí Ojúbọ Òṣogbo létí odò níbi tí ìlú ti ń bọ Ọ̀ṣun, ẹ ó rí ti Ọbàtálá, ẹ ó rí Ilédì tí òrùlé rẹ̀ ga fíofío bí ohun tí ó fẹ́ fò lọ. Ère Ẹ̀là na ọwọ́ méjèèjì sókè. Èyí tí ó yẹ kí àwọn ìyálọ́jà wa dúró lé lórí ni ti Ìyá Mọọ̀pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin: ìkòkò mímọ, aró rírẹ àti irú wọn. Afárá tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ tún wà lórí odò. Ẹni tí òòyì ń kọ́, kí ó dúró sí ẹ̀bá.

Ẹni tí kò bá mọ̀dí yóò rò pé àwọn baba ńlá ayé àtijọ́ ni ó ṣe gbogbo ère ńlá wọ̀nyí. Rárá o. Igbó ló jẹ́ àtijọ́, ojúbọ ló jẹ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère náà, ní àwọn ọdún 1960 àti lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n mọ wọ́n, ìdí tí wọ́n sì fi mọ wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn.

BÍ Ó ṢE KÙ DÍẸ̀ KÍ Ó PARẸ́

Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ igbó náà ti ń fúyẹ́ lójú àwọn ènìyàn. Àwọn àwòrò ń dàgbà, wọ́n ń kú, ọmọ wọn kò gba ipò. Ikán ń jẹ igi ojúbọ. Àwọn olè ń kó ère tà. Ọdẹ ń wọlé, apẹja ń wọlé. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó àti àgbẹ̀ gba lára ilẹ̀ náà, wọ́n gé igi àtijọ́, wọ́n sì gbin igi tíìkì sí i. Kò sí ẹni tí ó dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ pa igbó náà run. Díẹ̀díẹ̀ ni. Oníkálukú ń bù díẹ̀, oníkálukú ń sọ pé "ti èmi nìkan kò lè tán an." Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ rí mọ orin yẹn dáadáa: bí àwùjọ ṣe ń jẹ owó ẹgbẹ́ run nìyẹn.

Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní Austria, tí wọ́n bí lọ́dún 1915. Ó wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a gúnlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, pàdé, ó sì gba òrìṣà. Nígbà tí ó yá, ó fi Òṣogbo ṣe ilé. Àdùnní Olórìṣà ni àwọn ènìyàn ń pè é. Òṣogbo ni ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún 93.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ó ti rí. Kì í ṣe obìnrin òyìnbó kan ṣoṣo ni ó gba igbó náà sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọba Samuel Adélẹ́yẹ Adénlé, tí ó wà lórí oyè láti 1944 sí 1975, ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Àwọn àwòrò tí ó ṣẹ́ kù gbà pé kí iṣẹ́ lọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sì fi ọwọ́ sí i. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kàsálí Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi. Àwọn mìíràn wà pẹ̀lú wọn, bíi Sàká àti Ọ̀jẹ́wálé Àmọ̀ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń tún ibi tí ikán jẹ ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ère tiwọn, ńlá, gíga, láti fi sọ fún gbogbo ayé pé ilẹ̀ yìí ní onílé. Kò rọrùn fún ẹni tí ń ta ilẹ̀ láti ta ibi tí ère tí ó ga bí ilé dúró sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn so èso. Lọ́dún 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1992, wọ́n fẹ ààlà náà kí ó lè gba gbogbo hẹ́kítà 75. Lọ́dún 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún gbogbo ayé, ó sì di ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur ní Adámáwá, tí ó wọlé lọ́dún 1999.

Ẹ wò ó, bí ẹgbẹ́ wa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó Gbẹ̀dun, ní Ọ̀nà-Àrà níhìn-ín, forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún 1937, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde, kò sí olówó ńlá láàárín wọn. Oníkálukú mú ohun tí ó ní wá. Bíríkìlà mú kànàkò rẹ̀ wá, ọba mú àṣẹ rẹ̀ wá, àwòrò mú ìmọ̀ rẹ̀ wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ṢÉ KÌ Í ṢE ÌBỌ̀RÌṢÀ NÌYÍ?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé: "Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, àwa jẹ́ onígbàgbọ́, àwọn kan jẹ́ mùsùlùmí, kí ni a fẹ́ lọ ṣe nílé òrìṣà?" Ìbéèrè tí ó dára ni, ó sì yẹ kí a dáhùn láìbínú.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè. Ní Kyoto, ìlú ńlá kan ní Japan, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ẹ̀sìn Búdà pọ̀ lọ jàra. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ Kinkaku-ji, tí wọ́n fi wúrà bo ara ilé rẹ̀, tí ó dúró sí ẹ̀bá adágún omi. Lọ́dún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn níbẹ̀ fi iná sí i, gbogbo rẹ̀ jó kanlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò sọ pé ó ti parí. Wọ́n tún un kọ́ bí ó ti wà, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1955. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Japan, bí ó bá yà sí Kyoto, yóò lọ wo ilé wúrà yẹn, yóò sì ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí yóò sọ nígbà tí ó bá dé pé ó ti di ẹlẹ́sìn Búdà. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ti ẹlòmíràn la lè wò, tí tiwa ń bà wá lẹ́rù?

Ẹ tún gbọ́ orúkọ àwọn tí ó mọ ère Ọ̀ṣun: Bùráímọ̀, Kàsálí, Sàká. Ẹ gbọ́ orúkọ ọba tí ó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn: Samuel. Ẹnì kan kì í tìtorí pé ó ń ṣọ́ ogún bàbá rẹ̀ kó sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ẹni tí ó fẹ́ bọ, kí ó bọ. Ẹni tí ó fẹ́ wò, kí ó wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà rárá, kí ó dúró sílé, a kò ní bu owó ìtanràn lé e.

OMI NÁÀ ŃKỌ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ikùn àti ìlera wa. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti sun. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Aṣẹ́jírẹ́, kí ó tó lọ sí ọ̀sà létí òkun. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà wà nínú ilẹ̀. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti wà á, àwọn mìíràn kò ní. Wọ́n ń hú bèbè odò, wọ́n ń fi omi fọ iyanrìn, ẹrẹ̀ ń wọ odò. Omi Ọ̀ṣun tí a mọ̀ sí omi tútù mímọ́ di pípọ́n rúsúrúsú bí omi àmọ̀. Ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn rin ìrìn-àjò wá pọn omi ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi kàn ẹnu!

Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Àwọn awawúrà kéékèèké máa ń lo mẹ́kúrì, omi fàdákà tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀tẹ̀rẹ̀, nítorí pé wúrà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó bá dà nù yóò bá omi lọ. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tí ojú kò lè rí a máa sọ ọ́ di irú mìíràn tí ó wọ ara ẹja. Ẹja kékeré jẹ ẹ́, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ènìyàn jẹ ẹja ńlá. Ó ń pọ̀ sí i bí ó ti ń gòkè. Ọpọlọ àti iṣan ni ó ń bà jẹ́, ọmọ inú oyún ni ó sì ń pa lára jù.

Japan tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ti jẹ ìyà èyí rí. Ní Minamata, ìlú apẹja kan níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ń da omi tí ó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wèrè, wọ́n ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ó kan ènìyàn: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń fọ́, ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde àìsàn náà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1968 kí ìjọba ibẹ̀ tó gbà pé láti ilé iṣẹ́ yẹn ni ó ti wá. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń jiyàn, ẹja sì ń lọ sí ọjà. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn gbogbo ayé lórí mẹ́kúrì lọ́dún 2013, Nàìjíríà náà sì ti fọwọ́ sí i.

A kò sọ pé omi ẹ̀rọ Aṣẹ́jírẹ́ ti bàjẹ́. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kiri lọ́jà pé ẹgbẹ́ wa sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí wọ́n bá dà sí òkè odò, ìsàlẹ̀ ni ó ń bọ̀, àwa la sì wà nísàlẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń ra ẹja Aṣẹ́jírẹ́ tà. Ó tọ́ kí ẹgbẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n ń yẹ omi àti ẹja ibẹ̀ wò, kí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ ní èdè tí ó yé wa.

Kí a sì wo ẹ̀yìnkùlé tiwa náà. Ta ni ó ń fọ pọ́ǹpù oògùn apakoríko sínú odò abúlé? Ta ni ó ń ju gálọ́ọ̀nù oògùn sí bèbè omi tí àwọn ọmọ ń pọn? Bí a bá fẹ́ bá awawúrà wí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tiwa mọ́. Fún ìdí yìí, ẹ fọ pọ́ǹpù lórí oko, jìnnà sí omi, kí ẹ gún gálọ́ọ̀nù tí ó ti tán níhò kí ẹlòmíràn má baà fi pọn omi mímu.

BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ LỌ

Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, ètò tí a dábàá nìyí. Kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò kọ́kọ́ lọ béèrè iye owó ìwọlé àti owó ọkọ̀, kí wọ́n wá jábọ̀. Kí oníkálukú máa dá owó díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sínú ìwé ọ̀tọ̀. Kí a má fọwọ́ kan owó ẹ̀yáwó rárá. Kí akápò gba rìsíìtì níbi gbogbo, ìbáà ṣe ti ọkọ̀, ìbáà ṣe ti ẹnubodè.

Ní ti àsìkò, oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, ẹ ó rí ìbọríadé, kí ó tó kan ọjọ́ tí Arugbá, wúńdíá ìdílé ọba, yóò ru igbá lọ sí odò, tí ẹgbàágbèje ènìyàn yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó fẹ́ tajà, oṣù kẹjọ ni kí ó lọ, èrò pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fara balẹ̀ wo igbó àti ère, kí ó lọ ní oṣù mìíràn. Ẹgbẹ́ lè pín in sí méjì bí ó bá wù wá.

Bí ẹ bá débẹ̀: ẹ tẹ̀ lé afinimọ̀nà, ẹ má dá rìn. Ẹ má gun ère, ẹ má fi ọwọ́ ha á, sìmẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wọn, òjò àti oòrùn ti ń jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀. Àjọ tí ń jẹ́ Adunni Olorisha Trust pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ti ṣe wàhálà láti tún wọn ṣe, kí a má ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ má já ewé, ẹ má ju ọ̀rá pọ́là sílẹ̀. Bí ẹ bá bá ẹni tí ń bọ Ọ̀ṣun lẹ́nu ìsìn, ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn, kí wọ́n mú ọ̀pá dání, ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé omi mímu tiyín lọ.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ yà sí ọjà kí ẹ wo aṣọ àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà wọn. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ọ̀ọ́sílò, ẹ bèèrè ẹni tí ń ra á. Ìrìn-àjò ọlọ́jà kì í lọ lásán.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A ti fi ọ̀rọ̀ yìí sí ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, nǹkan méjì ni a ó sì dìbò lé: ìrìn-àjò sí Òṣogbo, àti lẹ́tà sí ìjọba lórí omi Aṣẹ́jírẹ́. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ka ojú ewé yìí sétí àwọn tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì kọ èrò wọn wá. A ó máa retí yín.